Omi, Ihò àti Ààtàn: A Bá Baba Kòkòrò Rìn Yí Àdúgbò Ká

Ibi tí Baba Kòkòrò kọ́kọ́ yà sí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ilé tí wọn ò kọ́ parí ni. Wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dé ojú fèrèsé kí owó tó tán lọ́wọ́ onílé. Òjò ti sọ yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di adágún, koríko níwájú rẹ̀ ti ga ju èèyàn lọ, ẹnì kan sì ti wá ju táyà ọkọ̀ sí kọ̀rọ̀ kan. Baba Kòkòrò bẹ̀rẹ̀, ó fi ife ike funfun bu omi náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní kí n wò ó dáadáa. Tanwíjí ló kún inú ife. Wọ́n ń lọ́ kiri, wọ́n ń fi ìdí gòkè wá mí lójú omi, bí òjìji ọwọ́ mi bá sì ti bo ife, gbogbo wọn á rì lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yàrá lẹ ní kí n wá fín," ó wí fún alága àdúgbò tó dúró tì wá. "Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń bí wọn."

Lẹ́yìn Mọ̀wé ni àdúgbò wa wà, lọ́nà tó lọ sí Ọ̀fadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tí owó ilé Èkó lé jáde ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tó ń jí ní ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn má baà ká a mọ́, tó fi owó àjọ ra ìdajì pọ́lọ́ọ̀tì, tó kọ́ yàrá méjì, tó sì kó wọlé kó tó rẹ́ ẹ. Láàárín ilé méjì, o lè rí pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́ta tí igbó bò. Òpin àdúgbò wa sì jẹ́ àkùrọ̀, níbi tí àwọn ará oko ṣì ti ń gbin ẹ̀fọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onílé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CDA, ló dá owó jọ pé kí wọ́n fín gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà, nítorí bí o bá fín tìrẹ ní Sátidé, kòkòrò ilé aládùúgbò rẹ á ti wá kí ọ kó tó di Ọjọ́rú. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ alága pé mo fẹ́ bá wọn rìn.

Àwọn ọmọdé ló sọ ọkùnrin tí ẹgbẹ́ gbà fún iṣẹ́ náà ní Baba Kòkòrò. Ó wọ bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá, ó sì gbé ìbomú tó ní fílítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kọ́ ọrùn. Sípíréyà wà lẹ́yìn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a rìn títí oòrùn fi mú, kò gba sípíréyà náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ń tọ́ ihò.

Ní ti omi inú ilé àìparí yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Nínú ooru tiwa, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń da omi tó dúró nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti pa wọ́n kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Ẹ̀fọn kan kọ́ sì ni gbogbo wọn. Èyí tó ń gbé ibà, anófẹ́lísì, fẹ́ràn omi òjò tó dúró sójú oòrùn, bí irú èyí tó wà níwájú wa. Èyí tó ń kùn yùn-ún létí wa lóru lè yé sínú gọ́tà tó ń rùn. Èyí tó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan, inú táyà àti dúrọ́ọ̀mù ló ti máa ń wá. Abo wọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ibà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà lọ́dọọdún, ti Nàìjíríà tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Baba Kòkòrò ní kí wọ́n fọ́ búlọ́ọ̀kù kan nísàlẹ̀ kí omi rí ọ̀nà lọ. Alága mi orí. Ta ló máa fọ́ búlọ́ọ̀kù oníbúlọ́ọ̀kù? Onílé náà wà ní Èkó, nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń ra ilẹ̀ kò lọ mọ́, ẹni tó sì ta ilẹ̀ fún un ti kú. Ọmọọṣẹ́ gbé táyà jáde, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó wọ́n kẹrosíìnì díẹ̀ sójú omi yòókù kí tanwíjí má rí ibi mí. "Òjò kan báyìí ló máa fọ̀ ọ́ lọ," Baba Kòkòrò wí, a sì kọjá.

Ilé tí a kọ́kọ́ wọ̀ jẹ́ ti Ìyá Ìbejì, fúláàtì mẹ́rin lábẹ́ òrùlé kan, tòun ni ti apá òsì nísàlẹ̀. Ó ti kó ìkòkò àti abọ́ sí ìta kí a tó dé, ó sì fọ ilé ìdáná mọ́ tónítóní. Ojú ń tì í díẹ̀ pé aáyán wà nínú ilé òun.

"Ẹ káàárọ̀ o, Baba. Ẹ má bínú, ojoojúmọ́ ni mò ń fọ ibẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Aáyán ò béèrè pé ta ló mọ́, ta ló dọ̀tí. Ẹ jẹ́ ká fa fíríìjì yìí síwájú."

Wọ́n fà á. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí mọ́tò fíríìjì ti ń gbóná, aáyán kéékèèké sá káàkiri bí ìgbà tí èèyàn tú ọjà ká. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara rọ́bà ilẹ̀kùn fíríìjì, ó ní kí n sún mọ́ ọn. Nínú ìṣẹ́po rọ́bà náà, àwọn àmì dúdú wà wínníwínní bí ẹni tẹ bírò síbẹ̀. Ìgbẹ́ wọn ni. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fa aáyán kan jáde, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ní ìlà dúdú méjì lọ́rùn, àpò ẹyin kan sì so mọ́ ọn nídìí bí ẹ̀wà kékeré. Ẹyin bí ọgbọ̀n sí ogójì lè wà nínú àpò kan yẹn, ìyá wọn kì í sì í sọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí wọ́n pa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fín oògùn lónìí fi ń rí ọmọ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí aáyán ńlá tó ń fò wọlé lálẹ́. Ìyẹn, inú sọ́káwèé ló ń gbé, a ó sì débẹ̀.

Kò fín ohunkóhun síbẹ̀. Ó mú sírínjì kan tí oògùn rírọ̀ wà nínú rẹ̀ jáde, ó sì ń tò ó sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ: abẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn mọ́tò fíríìjì, ibi ìsopọ̀ ilẹ̀kùn, ihò tí páìpù omi gbà wọlé. Aáyán á jẹ ẹ́, á padà lọ kú síbi ìfarapamọ́ rẹ̀, àwọn yòókù á jẹ òkú rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, oògùn á sì máa ràn láàárín wọn. Ó kìlọ̀ fún Ìyá Ìbejì pé kò gbọ́dọ̀ fín nǹkan kan sórí oògùn náà, nítorí bí òórùn mìíràn bá ti dé ibẹ̀, aáyán ò ní jẹ ẹ́. Fífín, ó ní, lílé ló ń lé wọn lọ sí fúláàtì kejì, fúláàtì kejì á fín, wọ́n á padà.

Ibẹ̀ ló ti béèrè ohun tí obìnrin náà ń lò tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé ike omi mímu kan jáde, omi funfun rúrú sì wà ní ìdajì rẹ̀. Lọ́jà ni wọ́n ti bá a wọ̀n ọ́n. DDVP ni, èyí tí àwọn kan ń lù mọ́ ọta-pia-pia, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì mọ̀ sí Sniper.

Baba Kòkòrò kò pariwo. Ó gba ike náà, ó béèrè ọjọ́ orí àwọn ìbejì. Ọdún mẹ́ta. Ó wá jókòó lórí àpótí, ó sì ṣàlàyé, mo sì rí i pé gbogbo ará fúláàtì yòókù ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Májèlé oko ni nǹkan yìí, fún àgbẹ̀ tó wà lójú afẹ́fẹ́, kì í ṣe fún yàrá. Ohun tó ń ṣe iṣan aáyán náà ló ń ṣe iṣan ọmọ èèyàn: itọ́ á máa dà, èémí á máa há, ọmọlójú á kéré. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké tirẹ̀, àwọn tí kò ju mílílítà ọgọ́rùn-ún lọ, kúrò lórí igbá gbogbo, nítorí pé àwọn èèyàn ń gbé e jẹ, wọ́n sì ń fín in sórí oúnjẹ. Ìgò kúrò lóòótọ́. Àwọn olówò ra ńlá, wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lójú tèmi, èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìgò yẹn ní orúkọ lára, ó sì ní ìkìlọ̀. Ike omi kò ní nǹkan kan.

"Bí ọmọ bá gbé e mu ńkọ́, Baba?" ọ̀dọ́bìnrin kan béèrè. "Ṣé epo pupa la máa fún un?"

"Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé òun àti ike náà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fẹ́ mọ ohun tó mu."

Ó gbé ike náà, ó fi síbi tí ó ń kó oògùn ti ara rẹ̀ sí, ó sì tì í.

Ìsọ̀ tó wà níwájú ilé náà kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Olówò ẹ̀wà ló ni ín. Kòkòrò ti lu àpò kan ní ihò kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Olówò náà ní òun kì í fín tòun, ata gbígbẹ lòun ń fi sí i. Mo gbà á gbọ́, nítorí kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀wà tí kòkòrò ò sún mọ́ rárá ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ní 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà padà, nítorí DDVP tí wọ́n bá nínú rẹ̀: láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù nínú kílò kan, nígbà tí òfin wọn gba 0.01 péré. Baba Kòkòrò sọ fún un pé kó sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí omorí rẹ̀ dé pinpin, kó má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kòkòrò inú rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, èémí wọn á sì pin. Bákan náà ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù jọ gbìdánwò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980.

Ilé Baba Tíṣà la ti pẹ́ jù. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bóǹgálò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́lọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Eku ń sáré lókè àjà rẹ̀ lóru, ó ní, bí ẹni ń yí àgbá. Ó ti ra pakuté, ó ti ra gọ́ọ̀mù, ó ti ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó, tí wọ́n so òkú eku kọ́ orí igi kí gbogbo èèyàn lè gbà pé oògùn wọn dájú.

Àwọn oògùn inú ọ̀rá tí kò lórúkọ yẹn, Baba Kòkòrò ní, ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ ni pé wọ́n yára pa eku jù. Eku kì í jẹ ohun tuntun ní àjẹyó. Ó máa ń tọ́ ọ wò díẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ọ̀kan bá jẹ ẹ́ tó kú lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù ti gbọ́n. Oògùn tó dára kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló sì máa gbà kó tó kú, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi èyí náà sókè àjà. Eku á kú síbi tọ́wọ́ ò tó, ilé á máa rùn. Èyí tó bá sì jáde kú síta, ológbò tàbí ajá ará ilé kejì lè jẹ ẹ́, kí òun náà ṣàìsàn.

Kí la máa ṣe nígbà náà? Ó ní kí a yí ilé náà po.

Gbogbo wa la mọ òwe ògiri àti alángbá, kò yẹ kí n tún un pa fún yín. Ihò ilé Baba Tíṣà kì í ṣe ti òwe. Àkọ́kọ́ wà níbi tí páìpù ẹ̀rọ amúlétutù gbà jáde: ẹni tó rí i fi ìwé ìròyìn dí i. Èkejì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àlàfo tí ìka mi wọ̀ fàlàlà. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, lábẹ́ ìgbátí òrùlé, níbi tí pákó ti kúrò lára ògiri. Ìlà dúdú kan gùn láti orí igi máńgòrò tó fara ti òrùlé wá síbẹ̀. Mo fọwọ́ kan án, ó yọ̀ bí ọ̀rá. Ara eku ló kun ún bẹ́ẹ̀, láti inú lílọ bíbọ̀ lójú ọ̀nà kan náà lálaalẹ́. Baba Kòkòrò yọ bírò kúrò lápò mi, ó tì í bọ ihò kan níbi wáyà iná. Ibi tí bírò bá ti wọ̀, ó ní, ọmọ eku ilé á wọ̀ ọ́. Ibi tí àtàǹpàkò bá wọ̀, ìyá wọn náà á wọ̀ ọ́.

Sìmẹ́ǹtì nìkan kò tó, nítorí eyín eku ò dákẹ́ gígùn, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí nǹkan jẹ fi pọ́n ọn. Àdàlù sìmẹ́ǹtì àti irin ìfọkòkò la máa tẹ̀ sínú ihò kéékèèké, nẹ́ẹ̀tì irin la máa kàn sábẹ́ òrùlé, páànù pẹlẹbẹ la máa kàn sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ̀ka máńgòrò á sì wálẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni pakuté máa níṣẹ́ ṣe, lẹ́bàá ògiri, nítorí eku kì í gba àárín yàrá kọjá bí ó bá rí ògiri fara tì.

Ọ̀rọ̀ eku yìí ju ariwo òru lọ. Lára eku tó ń wọlé wa ni irú kan tó ní ọ̀pọ̀ ọmú, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ibà Lassa. Ìlú Lassa ní Bọ̀rnó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè ọya nìkan mọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń rí i jù lọ lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ojúkò ìtọ́jú rẹ̀. Ìyàwó Baba Tíṣà gbé ìgbálẹ̀, ó fẹ́ gbá ìgbẹ́ eku tó wà lórí pẹpẹ inú sítọ̀. Baba Kòkòrò na ọwọ́ dá a dúró.

"Màmá, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ lẹ máa fà símú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da omi tẹ́ ẹ po Jik mọ́ sí i lórí, ẹ jẹ́ kó rin, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ nù ún."

Gààrí wọn wà nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ó kàn wò ó. Màmá náà ti lọ gbé rọ́bà tó ní omorí wá kí a tó jáde.

Baba Tíṣà tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rántí àwọn wólé-wólé. Nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú ìkòkò omi ìyá ẹni, kóòtù ló kàn. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n padà wá. Ó ní rárá, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wọn pọ̀ jù. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ní ìtàn. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì gba ọdún mélòó kan kí apá àwọn amúnisìn tó ká a. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ eku àti ìmọ́tótó ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú ìjọba. Sátidé ìparí oṣù tí wọ́n ní ká máa jókòó sílé gbálẹ̀, àṣẹ ìjọba Buhari àti Idiagbon láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Èkó fòpin sí ìséde rẹ̀ ní 2016. Èmi ò tún fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti mí mọ́lé nítorí gọ́tà, ṣùgbọ́n gọ́tà wa ò gbọ́ ti òfin kankan. Ó ṣì dí.

Ìdun kò pọ̀ ládùúgbò wa, ilé kan ṣoṣo la ti rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan ló gbé e wálé nínú àpótí aṣọ, tàbí kó jẹ́ àga tòkúnbọ̀ tí wọ́n rà. Ẹnu wọn kò kò. Oògùn tí wọ́n ń fín sí i kò ràn án mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè fi oṣù púpọ̀ gbààwẹ̀ kó má kú. Ooru ló bá a mu: kí wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì igi náà palẹ̀, kí wọ́n da omi híhó sí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀, kí wọ́n se aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Ikán ló ba alága fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Férémù ilẹ̀kùn yàrá àlejò rẹ̀ ń dán, pẹ́ńtì rẹ̀ kò bó. Baba Kòkòrò fi ìka kan án, ìka náà wọlé. Inú igi ti di òfìfo. Pẹ́ńtì ló kù tó dúró bí ilẹ̀kùn. Ikán kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, kì í sì í fẹ́ gbígbẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ igi láti inú, tó sì ń fi yẹ̀pẹ̀ kọ́ ọ̀nà bíi páìpù sára ògiri nígbà tó bá fẹ́ kọjá. A rí ọ̀nà yẹn lẹ́yìn kọ́tìnnì, láti ilẹ̀ dé òkè férémù. Ọmọ alága fọ́ ọ, àwọn funfun kéékèèké tú jáde. Ìyẹn kò pa ìtẹ́ wọn tó wà nínú ilẹ̀.

"Nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́lé, ṣé wọ́n da oògùn sí ìpìlẹ̀?"

"Bíríkìlà ní kò pọn dandan."

Ó ti pọn dandan wàyí. Wọ́n ní láti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé ká, kí wọ́n da oògùn ikán sínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lu ihò sí ilẹ̀ yàrá lẹ́bàá ògiri kí oògùn dé abẹ́ rẹ̀. Férémù á yọ, ti tuntun á jẹ́ ti igi líle bí apá tàbí ìrókò, wọn á sì fi sólígínọ́ọ̀mù kùn ún kó tó wọ ògiri. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí èsúnsún tú jáde, tí àwọn ọmọ ń fi abọ́ omi gbà wọ́n lábẹ́ iná láti yan jẹ, ẹ wo ojú fèrèsé yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìyẹ́ nínú ilé jọ pelemọ, tí fèrèsé sì wà ní títì mọ́jú, ẹ má wá ìtẹ́ wọn lọ sí igbó.

Ẹ̀yìn ilé alága yìí náà la ti dé orí sọ́káwèé. Páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde kò ní nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, etí kọnkéré tí wọ́n fi bò ó sì ti là. Baba Kòkòrò ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn; ó ti irin rẹ̀ bọ ibi tó là, ó gbọ̀n ọ́n. Aáyán ńlá jáde, pupa, gígùn, ọ̀kan, méjì, kó tó di pé a ò kà mọ́. Ìyàwó alága ké, ó sá wọlé. Ẹ̀fọn náà tẹ̀lé wọn jáde bí èéfín. Gbogbo aáyán tí ìdílé náà ti ń fín oògùn sí nílé ìdáná látọdún tó kọjá, ibí ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i.

Nígbà yìí ló gba sípíréyà. Ó gbé ìbomú wọ̀, ó ní kí àwọn ọmọdé àti ajá kúrò, ó fín inú páìpù àti etí kọnkéré, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n pe bíríkìlà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, kí ó fi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó là, kí wọ́n sì so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu páìpù, èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Owó nẹ́ẹ̀tì yẹn kò tó owó ìgò oògùn kan.

Ààtàn ni a fi parí ìrìn náà, ní ìkángun àdúgbò, lórí pọ́lọ́ọ̀tì ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọ̀rá, èèpo iṣu, ìlédìí ọmọ, eegun adìẹ, ike. Eṣinṣin bò ó, eku sì ti gbẹ́ ọ̀nà sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan láàárín koríko gùn láti ibẹ̀ tààrà lọ sí ilé Baba Tíṣà. Alága tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Ìyá kan tó ń kọjá ní ejò wà níbẹ̀ náà, òun rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ìdí tí n kò fi ní gbà á gbọ́. Ibi tí eku bá pọ̀ sí, ejò á wá oúnjẹ rẹ̀ débẹ̀.

Ìpàdé wáyé lábẹ́ ibòji níwájú ilé alága. Àwọn kan bínú: owó tí wọ́n dá, fífín ni wọ́n dá a fún, kí ló dé tí sípíréyà ṣì kún? Ayálégbé kan ní kí wọ́n bi lańlọ́ọ̀dù òun ta ló ni ihò, òun tàbí lańlọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ náà gbóná díẹ̀. Baba Kòkòrò ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ka ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ nílé kọ̀ọ̀kan sókè, ó sì ní òun á dá ìdajì owó náà padà kí wọ́n fi ra sìmẹ́ǹtì àti nẹ́ẹ̀tì, nítorí bí òun bá gbà á tán, oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n á tún pe òun. Mi ò tíì rí oníṣòwò tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, èyí ló sì pa àwọn tó ń bínú lẹ́nu mọ́.

Wọ́n fẹnu kò sí i. Owó tó padà á ra nẹ́ẹ̀tì fún gbogbo páìpù sọ́káwèé, àpò sìmẹ́ǹtì fún àwọn opó àti arúgbó tí ihò wà lára ilé wọn, wọ́n á sì san ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ìdọ̀tí kí ààtàn yẹn kúrò. Lańlọ́ọ̀dù ni yóò dí ihò ara ògiri, ayálégbé ni yóò dé omorí oúnjẹ àti omi. Wọ́n á máa yẹ gọ́tà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ojúlé sí ojúlé.

Ohun kan ló kù tí ìpàdé kò rí ojútùú sí, òun ló sì mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ra pọ́lọ́ọ̀tì sí ọ̀nà Ọ̀fadà, ẹ̀yin tí ẹ mọ búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé tí ẹ padà sí Èkó lọ kó owó jọ, a ò bá yín jà pé ẹ ò tíì parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gé koríko yín, ẹ fọ́ ojú kan níbi ìsàlẹ̀ kí omi rí ọ̀nà jáde, tàbí kí ẹ fi nọ́ńbà tó ń lọ ránṣẹ́ sí alága yín, kí ẹ sì fún un láṣẹ láti bá yín ṣe é.